Ìwé Tí Mo Kọ Tó Lé Tíṣà Mẹ́nsà Kúrò Nílùú

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ olùkọ́ ní Ìjerò ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìjàkadì àtijọ́, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ọdún ìbò yẹn ni: ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a ń lọ sí Àkúrẹ́ fún gbogbo nǹkan, tí wọ́n ka ìbò tí a kò dì fún wa, tí ìbínú sì gba ìgboro. Ìtàn yẹn dùn ún sọ. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ máa ń bá ara rẹ̀ níbi tó dára. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló wà níbi tó dára lọ́dún yẹn, bí a bá ní ká gbọ́ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú wa. Èmi kò sí níbi tó dára nínú ìyẹn. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ohun tó jẹ́ kí n yàn án ni ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ náà fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé nípa àwọn àjèjì ni. Wọ́n ní àwọn tó ń ti ẹ̀yìn ààlà wọlé ń ba ìlú jẹ́: owó ilé ti wọ́n, iṣẹ́ kò kan ọmọ onílé mọ́, àwọn ọmọbìnrin ń lóyún fún ẹni tí wọn kò mọ ilé rẹ̀, kòkó kò ṣeé sá sójú oòrùn mọ́. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bọ́ awò ojú mi sílẹ̀. Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ìlú wa kò tóbi. Apá Aramọkọ ni, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí a ṣe kì í ṣe tiwa nìkan. Kòkó la ń gbìn, a ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ilé-ìwé girama hù káàkiri. Ọmọ wà, bẹ́ǹṣì wà, kò sí ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìṣirò. Àwọn olùkọ́ láti Gánà ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Mẹ́rin ni wọ́n kó wá sí ilé-ìwé tiwa. Mẹ́ta bá ọ̀nà Adó àti Àkúrẹ́ lọ láàárín ọdún kan. Mẹ́nsà nìkan ló dúró.

Yàrá méjì ló gbà nínú ilé ìyá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá tí a ń sá kòkó sí. Ẹ́sì ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ. Ọdún kẹta tí wọ́n dé ni wọ́n bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀. Ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́ fún gbogbo oṣù àkọ́kọ́, òun náà ló sọ ọ́ ní Mọ́rẹ́nikẹ́. Mẹ́nsà kò kọ́ Yorùbá inú ìwé. Èdè ìyá mi ló kọ́, “ulé” ló ń pe ilé, débi pé ẹni tó bá ti Ìbàdàn wá máa ń bi í bóyá ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni. Á ní, “Ìyá mi ọmọ Ẹ̀fọ̀n, bàbá mi ọmọ Ẹ̀fọ̀n kejì tó wà létí òkun.” Àwọn tó gbà á gbọ́ kò kéré.

Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ olùkọ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Mẹ́nsà ni igbákejì mi. Ní ọdún kan ṣáájú èyí tí mo ń sọ, wọ́n gbé alága wa lọ sí ilé-ìwé kan létí omi lọ́nà jíjìn nítorí pé ó sọ̀rọ̀ níwájú kọmíṣánnà. A da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá alábẹ̀wò kan wá bá wa lẹ́nu géètì, ó ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà wọ kíláàsì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ni ìjọba yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Gbogbo ojú yí sí Mẹ́nsà.

Ó ní, “Ọ̀gá, bí mo bá wọlé, ta ni n ó kọ́? Àwọn ọmọ ti wà lóko.”

Ọ̀gá náà ní, “O mọ̀ pé wọ́n lè dá ọ padà sílé?”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá alága wa padà ná, kí n lè kí i pé ó dàbọ̀.”

A rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí alága wa padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ṣe ìpàdé ìdùnnú lórí pápá. Mo gun orí tábìlì. Mo sọ lójú gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá fọwọ́ kan Mẹ́nsà, èmi ló fọwọ́ kàn, àti pé bí ọjọ́ tirẹ̀ bá dé, èmi ni n ó kọ́kọ́ la ẹnu. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbádùn àtẹ́wọ́ náà gan-an.

Nínú ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, rédíò kéde pé ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ máa padà sí orílẹ̀-èdè wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní kò kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mẹ́nsà bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

“Akọ̀wé, ṣé kí n ra okùn?”

“Okùn kí ni?”

“Okùn ẹrù.”

“Tíṣà ìjọba ni ọ́. Rédíò ní kò kàn ọ́.”

“Rédíò kò gbé ìlú yìí,” ó ní, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó lọ sí kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ òótọ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi pe àpérò ìlú.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe àpérò, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ní ìlú wa, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a jọ bí lásìkò kan náà ń jókòó lọ́tọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń sọ̀rọ̀ fún un. Ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn pé kó sọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn obìnrin, àwọn àgbà onílé, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn olóyè. Ọ̀rọ̀ máa ń gòkè ni, kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá kàn tí kò sì sọ nǹkan kan, a kà á sí pé ó ti fi ẹnu rẹ̀ fún àwọn tó wà lókè rẹ̀. Wọn kì í kọ òfin yìí sílẹ̀. Gbogbo ọmọ ìlú ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni mo ti lò nínú ìpàdé ẹgbẹ́ olùkọ́, níbi tí ẹni tó bá gbọ́n ti máa ń mú sùúrù kí gbogbo alátakò sọ tẹnu wọn tán, kó tó dìde, kó tú u palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n yẹn ti ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Mo gbé e lọ sí àpérò.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni, níwájú ààfin. Ara Kábíyèsí kò yá, Olóyè Ọ̀dọ̀fin ló jókòó nípò wọn. Kò sí ará Gánà kankan níbẹ̀. Wọn kò pè wọ́n. Ọ̀dọ̀fin ní ìjọba ti sọ tirẹ̀, kí ìlú náà sọ tirẹ̀: ṣé kí àjèjì máa gbé láàárín wa, àbí kó máa lọ? Ẹgbẹ́ tó kéré jù dìde, agbẹnusọ wọn ní àwọn àjèjì ti gba iṣẹ́ ẹrù rírù ní ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, kí wọ́n máa lọ. Ó jókòó. Wọ́n kàn wá.

Èmi ni agbẹnusọ ẹgbẹ́ mi. Mo dìde. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: pé àṣẹ ìjọba kò kan olùkọ́, pé Mẹ́nsà ń kọ́ ọmọ wa, pé a bí ọmọ rẹ̀ láàárín wa, pé bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, kí a mú ẹni náà. Mo wo àwọn àgbà tí wọn kò tí ì sọ̀rọ̀. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọn yóò ti gbàgbé rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé òkè.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà wa sọ tiwọn ná.”

Àwọn àgbà mi orí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, “Ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́.” Mo jókòó, mo sì yọ ìwé àjákọ kan àti bírò jáde láti máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí n lè mọ ohun tí n ó dá wọn lóhùn.

Bàbá Ráúfù ló sọ̀rọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Olórí àwọn bíríkìlà ni. Láti ìlú kan ní apá Ọ̀ṣun ló ti wá, ó ti lé ní ọdún méjìlá. Ó ní àwọn bíríkìlà Gánà ń sùn ní méje-méje nínú yàrá kan, wọn kò ní ìyàwó níbí, wọn kò ní ọmọ níbí, nítorí náà wọ́n lè gba ìdajì ohun tí òun ń gbà. “Èmi tí mo ní ìyàwó méjì, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn du iṣẹ́?”

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá Ráúfù, ṣebí àjèjì ni ìwọ náà.”

“Àjèjì ni mí,” ó ní. “Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi tètè dé lónìí.” Ẹ̀rín sọ. Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, ó tún ní, “Ilé mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ mi kọ́ ní Kùmásì, ní Gánà. Ọdún tí wọ́n lé wa, aládùúgbò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ọkùnrin tí a jọ ń jẹun. Kò sọ nǹkan kan.” Ó jókòó. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyá kan dìde láàárín àwọn obìnrin. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé wa. Lébìrà ará Gánà kan ló fún ọmọ náà lóyún, ó sì bá ọ̀nà Èkó lọ. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ ń sọ pé kí n mú sùúrù. Mo ti mú un. Ọmọ tí ọmọ mi fẹ́ bí, ìlú wo ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ wà?” Mo kọ ọ́ sílẹ̀, n kò sì mọ ohun tí n ó fi dá a lóhùn. Títí di òní, n kò mọ̀ ọ́n.

Àgbà onílé kan ní kànga ń gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣálángá ti kún, ariwo kì í jẹ́ kí òun sùn. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí sọ sí mi létí pé, “Ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Òun ló kó wọn ní méje-méje sí yàrá.” Mo kọ ìyẹn náà. Ẹlòmíràn ní wọ́n ń jí kòkó lórí ẹní. Kò dárúkọ ẹni tí wọ́n mú, nítorí wọn kò mú ẹnì kankan. Mo kọ ọ́.

Nígbà tí Ọ̀dọ̀fin gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti pa ọ̀rọ̀ dé, mo nawọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní ọ̀rọ̀ lórí ìlànà.”

Ọ̀dọ̀fin wò mí. Kò bínú. “Ìlànà wo?”

“Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sà.”

“A ti kàn yín.”

“Mo ní kí àwọn àgbà sọ ná ni.”

“Wọ́n ti sọ.”

“Tiwa ló kù sà.”

“Tiyín wà nínú tiwọn. Ìwọ lo fi fún wọn, gbogbo wa la gbọ́ ọ.” Ó yí sí àwọn olóyè, wọ́n mi orí. Ó tún wò mí. “Mo rí i pé o ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀. O ṣeun. Ìwọ ni kí o bá wa kọ ọ́ jáde dáadáa, kí a fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, kí a lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri ọjà.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé mo lè kọ̀. Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ìlú bá bẹ̀ níṣẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, tó sì kọ̀, kò ní gbé ibẹ̀ mọ́. Ìyá mi ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Nínú ọkàn mi, mo sọ pé bí ó bá jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́, n ó lè mú un rọ̀.

Ní ọ́fíìsì ilé-ìwé ni mo jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo yọ ọ̀rọ̀ olè kúrò, nítorí kò sí ẹ̀rí. Mo yọ ariwo kúrò. Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ náà ṣáájú, nítorí òtítọ́ ni, mo fi ti kànga tẹ̀ lé e, mo fi ti iṣẹ́ bíríkìlà kẹ́yìn. N kò dárúkọ Gánà. Mo kàn kọ “àwọn àjèjì tó ń gbé láàárín wa,” kí ó má baà dà bí ìkórìíra. Nígbà tí mo kà á jáde, ẹ̀rù bà mí. Mo ti yọ irọ́ kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù sì wá lágbára ju ti àárọ̀ lọ. N kò mọ bí a ṣe ń kọ ìwé tí kò dára. Wọn kò kọ́ mi ní ìyẹn.

Ní ìparí, mo fi gbólóhùn kan kún un: “àyàfi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba.” Mo gbé e lọ fún Ọ̀dọ̀fin, mo kà á sí i létí. Ó gbádùn rẹ̀ títí mo fi dé ìparí.

“Ta ló sọ èyí níbẹ̀?”

“Àṣẹ ìjọba ni sà.”

“Mi ò bi ọ́ ní ti ìjọba. Ta ló sọ ọ́ níwájú ààfin?”

Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Ó ní kí n fi bírò fà á rẹ́, mo fà á rẹ́ lójú rẹ̀. Ìwé náà fún àwọn àjèjì ní àkókò títí di ọjọ́ ọjà kejì. Onílé tó bá fi ẹnì kan pamọ́, ìlú kò ní bá a da nǹkan pọ̀: wọn kò ní bá a ṣiṣẹ́ oko, wọn kò ní dá sí ìkómọ rẹ̀, wọn kò ní sin òkú rẹ̀.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀gúsí nígbà tí mo wọlé.

“Wọ́n ní ìwọ lo kọ ọ́.”

“Èmi ni, Màmá.”

“Kí lo sọ nígbà tí wọ́n kàn ọ́?”

“Mo ní kí àwọn àgbà sọ ná.”

Ó dáwọ́ dúró. “O fi fún wọn.”

“N kò rò pé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn...”

“Ẹgbẹ́ yín kò bí ọ. Ulé yìí ni mo bí ọ sí, mi ò tí ì rí ọjọ́ tí a lé ènìyàn níbẹ̀ rí.” Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó tún ní, “Sọ fún wọn pé Mẹ́nsà kò lọ. Kí wọ́n má wá sin mí. Ṣé n ó mọ̀?”

Mo ní ìrètí díẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ìtìjú sì mú mi pé òun ló ń sọ ọ́ nípò mi. Mo lọ bá Mẹ́nsà nínú yàrá rẹ̀. Ó ti ka ìwé náà lára ògiri ọjà.

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni,” ó ní. “Kò sí ẹlòmíràn tó lè tò ó báyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn lo fi ṣáájú.”

“Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Mẹ́nsà. Mo ń dúró de ìgbà tí...”

“Wọ́n kàn ọ́?”

“Wọ́n kàn mí.”

“Kí lo sọ?”

Mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ní abúlé tiwa náà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é. Ì bá ṣe pé o bi mí, ǹ bá ti sọ fún ọ.” Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò retí. Ó ní ọdún tí wọ́n lé àwọn Yorùbá ní Gánà, òun ń lọ sí ilé-ìwé. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà wọn, ọmọ Yorùbá, tó máa ń fún òun ní bisikíìtì. Òun dúró pẹ̀lú àwọn tó ń wò ó bó ṣe ń di ẹrù. “N kò sọ nǹkan kan, Akọ̀wé. Mo ń dúró de àwọn àgbà.”

N kò mọ̀ bóyá ó fi tù mí nínú ni, àbí ó fi bá mi wí. N kò bi í.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Aramọkọ láti pe ìpàdé pàjáwìrì ẹgbẹ́ olùkọ́. Mo fẹ́ kí a da iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan olùkọ́ Gánà kan. Àwọn aṣojú dé láti Èrìò, láti Ayétòrò, láti Ìjerò. Mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ń wo ara wọn. Aṣojú kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi yọ bébà kan nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

“Akọ̀wé, ṣé o mọ èyí?”

Ìwé mi ni. Ọ̀rọ̀ kan kò yí padà, àfi orúkọ ìlú. Ìlú mẹ́ta ló ti dà á kọ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn àgbà ìlú tòun kò rí ọ̀rọ̀ tò pọ̀ tẹ́lẹ̀, ariwo ni wọ́n ń pa, títí ẹnì kan fi mú èyí dé láti ọ̀dọ̀ wa. “Ó yanjú ju tiwa lọ. Wọ́n ní bí akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ bá lè kọ èyí, a jẹ́ pé òtítọ́ ni. Báwo lo ṣe fẹ́ kí n sọ fún wọn pé ìwọ kan náà ló ní ká da iṣẹ́ sílẹ̀?”

A dìbò. Ọwọ́ mẹ́ta ló dìde, tèmi wà lára wọn.

Ìyá mi dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó dúró tán. Àwọn tó kó aṣọ fún Ẹ́sì pé kó bá àwọn rán wá gbà á padà, èyí tó ti gé àti èyí tí kò tí ì gé. Bí ó bá dé ìdí kànga, àwọn tó wà níbẹ̀ á gbé garawa wọn kúrò. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ọjọ́ márùn-ún ni ó fara dà á. Ní ọjọ́ kẹfà, Mẹ́nsà ra okùn.

Òwúrọ̀ ni wọ́n lọ, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn ló gbé wọn. Mo bá wọn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sókè. Ìyá mi pọn ọmọ náà títí dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ kó tó sọ̀ ọ́. Mẹ́nsà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n má gbàgbé pé kíláàsì karùn-ún kò tí ì ṣe apá kejì ìṣirò. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn fún mi. Àwa méjì mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò ṣe é pẹ̀lú wọn.

Kò sì sí. Wọ́n ṣe ìdánwò ọdún náà láìní olùkọ́ ìṣirò. Mo ṣì ń bá díẹ̀ lára wọn pàdé; wọ́n ti darúgbó díẹ̀ báyìí, wọ́n ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nígbà tí àkókò ìbò súnmọ́lé, wọ́n lẹ orúkọ àwọn olùdìbò mọ́ ara ògiri ilé-ìwé, kí ẹni tó bá ní àríwísí lè sọ ọ́. Àwọn alátakò Bàbá Ráúfù nínú òṣèlú gbé ìwé mi jáde. Wọ́n ní ìlú ti pinnu lórí “àwọn àjèjì tó ń gbé láàárín wa,” kò sì dárúkọ Gánà, nítorí náà ó kan àwọn ará Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Bàbá Ráúfù wá bá mi nílé.

“Akọ̀wé, wọ́n fẹ́ yọ orúkọ wa. Bá mi kọ ìwé.”

Mo ní, “Bàbá, ìwé tèmi ni wọ́n ń kà.”

“Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ tí mo fi wá bá ọ nìyẹn. Ìwọ ni kí o sọ fún wọn pé kì í ṣe àwa lo ní lọ́kàn.”

Mo kọ ọ́. Mo sọ nínú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìdìbò pé ará Gánà ni mo ní lọ́kàn. Ìgbà yẹn ni mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ tí n kò fẹ́ kọ nínú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n dá orúkọ Bàbá Ráúfù padà. Ó dìbò. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ka ìbò náà.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí a rí gbà nínú lílé tí a lé àwọn ará Gánà. Kànga kò kún. Àwọn yàrá tó ṣófo, onílé náà fi àwọn mìíràn kún wọn kí ọdún tó parí, méje-méje náà ni. Bàbá Ráúfù rí iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà kòkó kò mówó wọlé mọ́, ẹnikẹ́ni kò kọ́lé. Ọmọbìnrin kíláàsì kẹrin náà bímọ. Lílé tí a lé gbogbo àwọn yòókù kò bá a wá bàbá ọmọ rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà jẹ́ òtítọ́, a sì jẹ ẹ́ ní gbèsè èsì tí a kò fún un: ta ló gba ọkùnrin náà síṣẹ́, ta ló fún un ní yàrá, kí ló dé tí a kò bi wọ́n?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjerò, n kò sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yín. Mo mọ̀ pé apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́, torí náà ni ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà mí. Mo dá a padà fún yín láìfi bírò kàn án. Bí mo bá tún un ṣe, yóò dára sí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé pamọ́ lọ́jọ́ náà, mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí. Mo ti sọ ọ́ fún ìyá mi kó tó kú. Mo kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì kan ní Gánà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí èsì. Ní ìlú wa nísinsìnyí, ẹgbẹ́ mi ló kù sókè. Àwa mẹ́ta péré ni, àwa la sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo ti rò ó pé kí n dìde lọ́jọ́ kan níwájú ààfin, kí n sọ gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dá wa lóhùn lẹ́yìn tí a bá ti sọ̀rọ̀. Wọn yóò gbọ́ mi tán, wọn yóò dọ̀bálẹ̀, wọn yóò sì máa lọ sílé.